Láti Ẹ̀nlájà dé Orí Kọ̀ǹpútà: Ìtàn Sísọ Fọ́tò di Ńlá tàbí Kékeré, pẹ̀lú Àpẹẹrẹ Ọ̀fà Garage ní Ìlọrin

Ìfáárà

Àwọn onímọ̀ tí ó ti kọ̀wé lórí fọ́tò ní ilẹ̀ Yorùbá sábà máa ń wo bí ẹni tí a yà ṣe jókòó, irú aṣọ tí ó wọ̀, àti ohun tí ìdúró rẹ̀ ń sọ nípa ipò rẹ̀ láwùjọ. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ Stephen Sprague rí, èyí tí a tẹ̀ jáde nínú African Arts ní ọdún 1978, tí ó sì mẹ́nu ba àwọn onífọ́tò Ìlá-Ọ̀ràngún ní pàtàkì. Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí. Ìwọ̀n fọ́tò ni. A fẹ́ mọ ẹni tí ó ń pinnu bí fọ́tò yóò ti tóbi tó, ohun èlò tí ó fi ń ṣe é, àti ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí èyí tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a bá ti dín in kù tán.

Ọ̀fà Garage ní Ìlọrin ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Láti ara ibùdó àwọn ọkọ̀ tí ń lọ sí Ọ̀fà àti àwọn ìlú gúúsù Kwara ni àdúgbò náà ti gba orúkọ. Ibi tí ọkọ̀ bá ti ń gbé èrò, ibẹ̀ náà ni àwọn tí ń wá ìwé kiri máa ń gbà kọjá: akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, agùnbánirọ̀, awakọ̀ tí ó fẹ́ gba láísẹ́ǹsì, ìyá tí ó fẹ́ gba ìwé ìrìnnà fún ọmọ rẹ̀. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé irú àdúgbò báyìí ni a ti ń rí àwọn ìsọ̀ kéékèèké tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, tí wọ́n ti ń ṣe fọtokọ́pì, tí wọ́n sì ti ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Nínú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí à ń sọ ti ń wáyé lójoojúmọ́, láìsí ẹni tí ó kà á sí ìtàn.

Èrò tiwa ni pé kì í ṣe bí kámẹ́rà ti kúrò lórí fíìmù bọ́ sórí kọ̀ǹpútà ni ìyípadà tí ó ga jù. Nígbà fíìmù, ẹ̀dà ni a ń sọ di ńlá tàbí kékeré. Ìpilẹ̀ rẹ̀ wà nínú àpótí onífọ́tò. Nígbà kóòdù, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ìpilẹ̀ gan-an ni a ń dín kù, kí ó má sì sí èyí tí a lè padà sí mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn àwọn ìlú wa lọ́jọ́ iwájú.

Ìwọ̀n nínú yàrá òkùnkùn

Nígbà tí iṣẹ́ fọ́tò fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Èkó ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwòrán orí gíláàsì kì í sábà di ńlá ju bí ó ti wà lọ. Onífọ́tò yóò gbé gíláàsì tí àwòrán wà lára rẹ̀ lé orí bébà tí a ti fi oògùn pa, yóò gbé méjèèjì sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ohun tí yóò sì jáde kò ní ju gíláàsì náà lọ, kò sì ní kéré sí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ fọ́tò ńlá ní láti ru kámẹ́rà ńlá. Irú ayé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni George Da Costa, ọmọ Èkó tí a bí ní ọdún 1853, ti kọ́ iṣẹ́ náà, tí àwọn fọ́tò rẹ̀ sì wà nínú The Red Book of West Africa tí ó jáde ní ọdún 1920. Nílẹ̀ Faransé, Disdéri ti gba ìwé-àṣẹ ní ọdún 1854 lórí ọgbọ́n tí ó fi ń ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán kéékèèké sórí gíláàsì kan ṣoṣo kí iye owó rẹ̀ lè wálẹ̀. A ṣàkíyèsí pé owó ni ó kọ́kọ́ sọ fọ́tò di kékeré, kì í ṣe òfin.

Ẹ̀nlájà ni ó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Iná wà lókè, nẹ́gẹ́tíìfù wà lábẹ́ iná, lẹ́ńsì tẹ̀lé e, bébà sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bí a bá ń gbé orí ẹ̀rọ náà sókè, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ń gbòòrò. Bí gígùn àti ìbú bá di ìlọ́po méjì, ààyè tí ìmọ́lẹ̀ kan náà gbọ́dọ̀ kárí yóò di ìlọ́po mẹ́rin, bébà yóò sì ní láti pẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin àkókò ti tẹ́lẹ̀. Onífọ́tò kò fi ìwé ìṣirò ṣe èyí. Ó ń gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń fi dán ìmọ́lẹ̀ wò ní ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ díẹ̀, títí ojú rẹ̀ yóò fi sọ fún un pé ó tó. Ọmọ-iṣẹ́ lè lo ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó mọ èyí.

Láti inú nẹ́gẹ́tíìfù kan náà ni èyí tí a ó lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù ti ń jáde, òun náà ni a ó tún padà sí nígbà tí ọlọ́jọ́ bá dé, tí àwọn ọmọ olóògbé bá wá béèrè fọ́tò ńlá tí wọn yóò fi sínú fírémù. Òtítọ́ ni pé àwọn onífọ́tò wa kò ka nẹ́gẹ́tíìfù sí ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fi ọgbọ́n kún. Sprague ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìya fọ́tò: wọn a ya èyí tí ó wà láàyè, wọn a sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó pọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé akọ àti abo ni wọ́n, èyí tí ó wà láàyè a wọ aṣọ ti ara rẹ̀ fún ìkínní, a wọ aṣọ ti èkejì rẹ̀ fún ìkejì. Orí bébà ni ọgbọ́n yìí ti parí. Nẹ́gẹ́tíìfù ṣì ń sọ ohun tí kámẹ́rà rí.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ lórí ohun tí à ń sọ yìí ni iṣẹ́ J. D. 'Okhai Ojeikere. Ní ọdún 1950 ni ó ra kámẹ́rà Brownie. Ní ọdún 1954 ó di olùrànlọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn ní Iléeṣẹ́ Ìròyìn ní Ìbàdàn. Láti ọdún 1968 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àti gèlè àwọn obìnrin. Fíìmù tí ó lò kò ju sẹ̀ǹtímítà 6 níbùú lóròó lọ. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ilé àfihàn ní Paris àti ní Venice wá béèrè iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, láti ara àwọn nẹ́gẹ́tíìfù yìí ni wọ́n ti tẹ fọ́tò ńláńlá jáde, tí ènìyàn lè fi ka okùn irun ní ìkọ̀ọ̀kan. Ojeikere papò dà ní ọdún 2014. Àwọn fíìmù rẹ̀ kò bá a lọ.

A kò gbọ́dọ̀ sọ pé gbogbo onífọ́tò ni ó tọ́jú nẹ́gẹ́tíìfù. Àwọn tí ń gbé kámẹ́rà onípákó kalẹ̀ lẹ́bàá títì, tí gbogbo ayé mọ iṣẹ́ wọn sí 'wait and get', orí bébà ni wọ́n ti ń ṣe nẹ́gẹ́tíìfù tiwọn. Wọn a gbé bébà náà síwájú lẹ́ńsì, wọn a tún un yà, oníbàárà a sì gba tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí bébà nẹ́gẹ́tíìfù náà bá súnmọ́ lẹ́ńsì, àwòrán tóbi; bí ó bá jìnnà, ó kéré. Lẹ́yìn èyí, kí ni ènìyàn yóò fi bébà olómi ṣe? Nítorí náà, ìkánjú ti ń pa ìpilẹ̀ fọ́tò run kí kọ̀ǹpútà tó dé.

Nígbà tí fọ́ọ̀mù di ọ̀gá

Ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967 ni a dá ìpínlẹ̀ tí a wá mọ̀ sí Kwara sílẹ̀, Ìlọrin sì di olú-ìlú rẹ̀. Ètò àgùnbánirọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1973, Yunifásítì Ìlọrin ní ọdún 1975, àjọ JAMB ní ọdún 1978. Kò sí èyí tí kò ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀ nínú wọn. Fọ́ọ̀mù ni ó sọ fọ́tò pásípọ́ọ̀tù di oúnjẹ òòjọ́ onífọ́tò, òun náà ni ó sì gba ìpinnu ìwọ̀n kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú fọ́tò àgbà tí Sprague ṣàpèjúwe, odindi ènìyàn ni a ń yà: ó jókòó, ó kọjú sí kámẹ́rà, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan, agbádá rẹ̀ tẹ́ jáde kí ayé lè rí i. Fọ́ọ̀mù kò fẹ́ agbádá. Orí àti ọrùn nìkan ni ó fẹ́, nínú ààyè tí ẹlòmíràn ti fi rúlà wọ̀n sílẹ̀.

Ibi tí agbára ìwọ̀n yìí ti hàn jù lọ ni ètò físà lọ́tìrì ti Amẹ́ríkà. Òfin ọdún 1990 ni ó dá a sílẹ̀, ọdún ìṣúná 1995 sì ni ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀. Lẹ́tà ni a fi ń forúkọ sílẹ̀ nígbà náà. A ó kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò, a ó sì fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Ṣùgbọ́n láti oṣù kọkànlá ọdún 2003, fún ìpele ọdún 2005, wọn kò gba lẹ́tà mọ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni. Òfin fọ́tò náà wá yí padà: píkísẹ́lì 320 ní gíga, 240 ní ìbú, kí fáìlì má sì ju báìtì 62,500 lọ. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó di 600 níbùú lóròó, kílóbáìtì 240. Ẹni tí fọ́tò rẹ̀ kò bá òfin mu ti jáde kúrò nínú ìdíje náà kí a tó ṣẹ́ kèké rárá.

Ẹ wo bí èyí ti rí nínú ìlú tí ọ̀pọ̀ ilé kò tíì ní kọ̀ǹpútà. Ọdún 2001 ni ilé iṣẹ́ GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní káfẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ni ó wá di ẹni tí ìrètí odindi ìdílé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni yóò fi ẹ̀rọ ka fọ́tò bébà wọlé, tí yóò gé e, tí yóò dín in kù, tí yóò sì fi ránṣẹ́. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní ìdí tí ìwọ̀n náà fi rí bẹ́ẹ̀. Láti ìpele ọdún 2015 ni a ti yọ àwọn ọmọ Nàìjíríà kúrò nínú lọ́tìrì náà, nítorí pé àwọn tí ó ti wọ Amẹ́ríkà láti ibí ti ju 50,000 lọ láàárín ọdún márùn-ún. Lọ́tìrì lọ, iṣẹ́ náà kò lọ. Ojú-ìwé ìforúkọsílẹ̀ mìíràn pọ̀ tí ń béèrè ìwọ̀n tiwọn.

Ohun tí kóòdù ń ṣe

Fọ́tò orí kọ̀ǹpútà kò ní oògùn tàbí bébà nínú. Ojú kéékèèké ni ó kún inú rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ kan ṣoṣo. A lè fi wọ́n wé òwú inú aṣọ òfì, tí ọnà aṣọ ń ti ara wọn yọ. Àwọn ni píkísẹ́lì. Ní ọdún 1957 ni Russell Kirsch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ sọ fọ́tò di irú nǹkan bẹ́ẹ̀: fọ́tò ọmọ rẹ̀ jòjòló, tí ó ní píkísẹ́lì 176 níbùú, 176 lóròó. Ní ọdún 1975, Steven Sasson ti ilé iṣẹ́ Kodak ṣe kámẹ́rà tí kò lo fíìmù; 100 níbùú lóròó ni tirẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 23 ni ó sì fi ń kọ fọ́tò kan sórí téèpù.

Ká ní fọ́tò tí fóònù yà fẹ̀ ní 3000, ó sì ga ní 4000. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ di 300 ní ìbú àti 400 ní gíga, ẹyọ tuntun kan yóò dúró fún 100 nínú àwọn ti tẹ́lẹ̀. Ta ni yóò ṣojú fún àwọn 100 yìí? Ọ̀nà tí ó yá jù ni pé kí kóòdù mú ọ̀kan, kí ó sì da 99 nù. Ọ̀nà kejì ni pé kí ó pa gbogbo wọn pọ̀, kí ó mú àwọ̀ tí ó wà láàárín. Ojú Yorùbá ni a fi lè mọ ìyàtọ̀ méjèèjì dáadáa. Bí ilà pélé kan lẹ́rẹ̀kẹ́ bàbá àgbàlagbà bá fẹ̀ ní píkísẹ́lì 3, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré nínú mẹ́wàá ni kóòdù tí ń mú ọ̀kan nínú mẹ́wàá yóò bọ́ sí orí ilà náà. Nígbà méje, yóò fò ó kọjá, bàbá yóò sì di ẹni tí a kò kọ nílà. Kóòdù tí ń pa àwọ̀ pọ̀ kò ní sọ ilà náà nù. Yóò kàn sọ ọ́ di ohun tí ó ṣe bàìbàì. Ti aṣọ tún burú ju ìyẹn lọ, nítorí pé ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ inú òfì lè bí ìlà mìíràn tí ahunṣọ kò hun rárá.

Àwọn onímọ̀ ti ṣiṣẹ́ lórí èyí. Ní ọdún 1981 ni Robert Keys tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí ọ̀nà tí ó ń fi ẹyọ 16 tí ó yí ojú kan ká ṣe ìṣirò àwọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà náà dára púpọ̀ fún sísọ fọ́tò di ńlá díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń dín fọ́tò kù ní ìlọ́po mẹ́wàá, 16 nínú 100 kò tó. Kóòdù tí ó gbọ́n gbọ́dọ̀ na ọwọ́ láti kárí gbogbo wọn. Nínú èdè PHP, tí Rasmus Lerdorf bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1995, àṣẹ méjì ni ó wà, tí orúkọ wọn jọra bí ìbejì: imagecopyresized àti imagecopyresampled. Ìkínní ń mú ọ̀kan, ó ń da ìyókù nù. Èkejì, tí ó dé ní ọdún 2001, ń pa àwọ̀ pọ̀. Ẹni tí ó kọ ojú-ìwé ìforúkọsílẹ̀ kan lè yan ìkínní nítorí pé ó rí i nínú ìwé àtijọ́, bàbá onípélé kò sì ní mọ ohun tí ó gba ojú rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ìbú àti gíga náà ń fẹ́ àlàyé. Bí fọ́ọ̀mù bá ní òun ń fẹ́ 600 níbùú lóròó, tí a sì fi ipá ti fọ́tò 3000 sí 4000 yẹn wọ inú rẹ̀, a ó fi 5 pín ìbú, a ó sì fi nǹkan bí 6.7 pín gíga. Ojú ènìyàn yóò fẹ̀ bí ẹni tí ó wú. Ohun tí ó tọ́ ni kí a pín méjèèjì pẹ̀lú iye kan náà. Bí a bá lo 0.15, yóò di 450 sí 600, ààyè 150 yóò sì ṣófo; bí kò bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí a kọ́kọ́ gé e sí 3000 níbùú lóròó, kí a tó fi 5 pín in. Ní irú àwọn ìsọ̀ tí a mẹ́nu bà ní Ọ̀fà Garage, ìyàtọ̀ yìí wà nínú ibi tí ọwọ́ ti fa fọ́tò lójú kọ̀ǹpútà: ẹni tí ó bá fa igun rẹ̀ lórí CorelDRAW kò ba nǹkan jẹ́, ẹni tí ó bá fa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti yí orí oníbàárà padà. A mọ̀ pé gbẹ́nàgbẹ́nà Yorùbá náà máa ń jẹ́ kí orí ère tóbi ju bí ti ènìyàn ti rí lọ, tí yóò fi tó ìdámẹ́rin tàbí ìdámẹ́ta gíga ère náà. Ṣùgbọ́n orí ni ó ń bọ̀wọ̀ fún, ó sì mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó fa ẹ̀gbẹ́ fọ́tò kò bọ̀wọ̀ fún nǹkan kan.

Ìpilẹ̀ dà?

Títí di ibi tí a dé yìí, ẹnì kan lè sọ pé kóòdù tí ó dára ti borí ìṣòro náà. A kò gbà bẹ́ẹ̀. ImageMagick, ètò kan tí John Cristy bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1987 tí ó sì wà lárọ̀ọ́wọ́tó gbogbo ènìyàn, ní àṣẹ méjì tí ó yẹ kí òpìtàn mọ̀. Èyí tí ń jẹ́ convert ń ka fáìlì kan, ó ń kọ òmíràn tí ó kéré, ó sì ń fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀. Èyí tí ń jẹ́ mogrify, bí a kò bá kìlọ̀ fún un, orí fáìlì àkọ́kọ́ gan-an ni ó ń kọ tuntun lé. Iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ṣe lójú ẹni tí ń wò wọ́n. WordPress, tí ó jáde ní ọdún 2003, ń ṣe bíi convert: ó ń tọ́jú fọ́tò tí a fún un, ó sì ń ṣe àwọn ẹ̀dà kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ 150 níbùú lóròó. Ẹni tí ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní ìsọ̀, tí oníbàárà dúró sí i lórí, tí ọkọ̀ Ọ̀fà sì ń pe èrò lẹ́yìn ilé, mogrify ni òun ń ṣe láìmọ orúkọ rẹ̀. Ó dín fọ́tò kù, ó tẹ ibi tí a ti ń fi pamọ́, orúkọ fáìlì kò yí padà. Bí ó bá sì jẹ́ JPEG ni, irú fáìlì tí ìlànà rẹ̀ jáde ní ọdún 1992, fífi tí ó ń fi í pamọ́ léraléra pàápàá ń jẹ nínú rẹ̀, nítorí pé ojú 8 níbùú lóròó ni ètò náà ń kó pọ̀, tí ó sì ń sọ ohun tí ó rò pé ojú kò ní rí nù.

Oníbàárà ńkọ́? Fóònù rẹ̀ kún, ó pa èyí tí ó tóbi rẹ́. Ìsọ̀ náà kò ní àpótí nẹ́gẹ́tíìfù. Ohun tí ó kù ni fáìlì tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà àjọ tí ó gba fọ́ọ̀mù, níbi tí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ kò lè lọ béèrè rẹ̀ bí wọ́n ti ń lọ bá onífọ́tò ìdílé. Bí fáìlì náà bá jẹ́ 150 níbùú lóròó, píkísẹ́lì 22,500 ni ó ní lápapọ̀. Èyí tí Kirsch ṣe ní ọdún 1957, tí í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀, ní 30,976. Kóòdù lè na èyí tí ó kéré yìí kí ó tó ojú ògiri. Ìṣirò láàárín ẹyọ kan àti èkejì ni yóò fi kún àlàfo rẹ̀, kì í ṣe ohun tí kámẹ́rà rí. Bí a bá sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà bí ó ti wà, ní 300 fún íńṣì kan gẹ́gẹ́ bí àwọn atẹ̀wé ti ń ṣe, kò ní fẹ̀ ju mìlímítà 13 lọ.